Olè Ooru Kivilampi

Bí ẹ bá dé Kivilampi ní ilẹ̀ Finland, tí ẹ béèrè ẹni tí kò lè purọ́ nílùú, Terttu Vuorela ni gbogbo èèyàn máa dárúkọ. Ibẹ̀ gan-an lẹ ó ti mọ̀ pé òun ló mọ irọ́ pa jù nínú wa. Òpùrọ́ tí kò mọṣẹ́ nìkan layé ń pè ní òpùrọ́. Irọ́ Terttu kì í ba nǹkan jẹ́, kì í sì í pẹ́ lẹ́nu. Ó ń fi í dí ihò inú ọ̀rọ̀ bí a ti ń fi òwú dí ihò ìbọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà á bu kọfí fún ọ.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìgò tó wà létí adágún wa, títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ ìgò wò bí wọ́n ṣe ń tò kọjá níwájú rẹ̀, kó máa yọ èyí tó bá sán sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ló ti pàdé Tauno, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ń ṣọ́ ìléru. Ìléru ìgò kì í sùn. Tọ̀sán-tòru, ọdún wọ ọdún, iná ń jó nínú rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá fi pa á, ìgò tó ti yọ́ sínú rẹ̀ á dì gbagidi, ó di kí wọ́n fi òòlù fọ́ ìléru dànù. Tauno fẹ́ràn iná yẹn, Terttu fẹ́ràn Tauno, wọ́n sì fẹ́ra wọn.

Ohun kan wà nílé Terttu tí ì bá ti tú u fó tipẹ́, ká ní ẹnikẹ́ni fara balẹ̀ wò ó: kò sí sauna níbẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé lóòótọ́, pẹ̀lú ààrò àti ọ̀pá èéfín, ṣùgbọ́n pòtétò ló kún inú rẹ̀, àti àwọ̀n ẹja, àti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó ti dípẹtà. Nílùú wa, èèyàn lè má ní mọ́tò, ó lè má ní ọkọ, ó tilẹ̀ lè má ní eyín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò jókòó sí níhòòhò lórí pákó, kó da omi sórí òkúta gbígbóná, kí ooru bò ó títí òógùn á fi máa kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ẹni yẹn ti di ẹni tí ìjọ ń gbàdúrà fún. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún Terttu, torí pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ là ń rí i tó ń bọ̀ nínú yìnyín, tí ojú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì, tí ara rẹ̀ ń ta sánsán ewé igi.

Tauno ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ń wo bí èéfín ìléru ṣe ń gba inú ihò oníbíríkì kọjá lọ sí ọ̀pá èéfín, pẹ̀lú ooru tó lè sun odindi màlúù, tí gbogbo rẹ̀ ń lọ yá àwọn ẹyẹ kannakánná lára lókè. Ó dùn ún wọra. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú òtútù kì í lè rí ooru tó ń ṣòfò kó mójú kúrò. Bó ṣe yọ bíríkì díẹ̀ lára ihò náà nìyẹn. Ó tẹ́ irin síbẹ̀, ó kó òkúta tó ṣà létí adágún lé e, ó fi pákó yí gbogbo rẹ̀ ká, ó wá ṣe ìdérí irin kan tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti fa ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ooru á yà wá sábẹ́ òkúta. Ẹ̀yìn òkìtì irin àtijọ́ tí wọ́n fi ń mọ ìgò ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n, àfi àwọn ọ̀gá. Ọ̀gá ló sì máa ń gbẹ̀yìn mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ imú rẹ̀.

Nígbà tí Tauno kú, àwọn tó ń bá a lò ó ti kú tàbí kí wọ́n ti ṣí lọ. Terttu àti Sirkka ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kù, àwọn méjèèjì ló sì ń lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá kẹ́yìn ní sauna á da omi kan sí i sórí òkúta fún ìwin ilé, bàbá kékeré onírùngbọ̀n tí ń ṣọ́ iná. Terttu kì í dà á fún ìwin kankan. Á jẹ́ kí Sirkka jáde tán, á bu omi, á ní, "Tìẹ rè é, Tauno." Òkúta á dáhùn ṣùúùù, òun náà á lọ wọ bàtà rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn kí Oona Lindroos tó dé.

Ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹnjiníà ni Oona, láti Tampere ló ti wá. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní láyé wọn, tí wọ́n gbé wá síbi ìléru wa. Yàrá òkè nílé Terttu ni wọ́n gbà fún un. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó jókòó sídìí kọfí àti búrẹ́dì dúdú, ó sì ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Màmá, ooru tó ń gba ọ̀pá èéfín yẹn lọ pọ̀ gan-an. A máa fi se omi kan tó máa ń tètè hó, ooru rẹ̀ á máa yí àgbá, àgbá á máa mú iná mànàmáná jáde. Kò sí èédú, kò sí epo. Ooru tó ń ṣòfò lásán ni."

"Háà!" ni Terttu wí. Ó fi bọ́tà kún búrẹ́dì ọmọ náà. "Ó wá ń ṣòfò lásán láti ọjọ́ yìí?"

"Lásán ni, Màmá. Kò sẹ́ni tó ń lò ó."

"Ayé mà ń ṣòfò o," ni Terttu wí, ó sì gbé ojú lọ sójú fèrèsé.

Kì í ṣe eré ni ẹ̀rọ náà bá wá o. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ìgò, tí wọ́n ń gbé ní Helsinki, ti sọ ọ́ ní gbangba pé owó iná ìléru ti ju agbára àwọn lọ. Bí ẹ̀rọ Oona bá lè máa mú iná tó ṣèlérí jáde ní gbogbo ìgbà òtútù, ìléru á máa jó lọ. Bí kò bá lè ṣe é, wọ́n á pa ìléru nígbà tí yìnyín bá yọ́, kálukú á wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Terttu gbọ́ èyí bí gbogbo wa ṣe gbọ́ ọ. Ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ooru tí arúgbó méjì ń bù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè tó ohun tí ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀.

Ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ó di Ọjọ́bọ̀, agbára rẹ̀ já lulẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, Ọjọ́bọ̀ tún dé, ó tún já lulẹ̀. Oona tú páìpù, ó tò ó padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun ọ̀pá èéfín lọ sókè, kannakánná fi ẹnu sọ ọ́ lórí. Wọ́n pààrọ̀ àgbá. Ọjọ́bọ̀ dé, ó já lulẹ̀.

"Màmá, kí ló wà nínú Ọjọ́bọ̀ yìí ná?" ni Oona bi Terttu níbi oúnjẹ. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Atẹ́gùn ni," ni Terttu wí. "Atẹ́gùn tó ń ti Rọ́ṣíà wá."

"Atẹ́gùn ò mọ Ọjọ́bọ̀ yàtọ̀ sí Ọjọ́rú, Màmá."

Terttu ronú díẹ̀. "Ó dáa, ọjọ́ wo ni gbogbo ilé iṣẹ́ máa ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà?"

"Ọjọ́bọ̀ ni. Gbogbo Finland ló ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀."

"O ò rí i? Gbogbo ọkùnrin wọ̀nyẹn á jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án, wọ́n á padà sídìí ìléru. Èmi ti bá wọn ṣiṣẹ́ o. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára wọn, ẹ̀rọ wo ló lè fara dà á?"

Oona rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú Terttu dùn pé òun pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè jẹ oúnjẹ tirẹ̀ tán. Ọmọ náà ti ń rù. Ó ń wá olè kiri gbogbo ilé iṣẹ́, ilé olè náà ló sì ń sùn, tó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Ibi tí Terttu ò fiyè sí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Lọ́jọ́ kan tí òtútù mú dé egungun, Oona dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Màmá, ẹ má bínú o. Nígbà wo la máa ń dáná sí sauna nílé yìí?"

"Pòtétò ló wà nínú rẹ̀."

"Níbo lẹ wá ń lọ ní Ọjọ́bọ̀?"

"Ilé Sirkka ni," ni Terttu wí. Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tilẹ̀ yẹ ojú.

Ká ní ó ti sọ fún Sirkka ni, kò sí wàhálà. Ó gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, Oona pàdé Sirkka níbi tó ti ń ra ẹja ní ṣọ́ọ̀bù, ó kí i, ó sì béèrè tẹ̀rín-tẹ̀rín pé níbo ni Sirkka fúnra rẹ̀ ti ń wẹ̀ tí awọ ara rẹ̀ fi ń dán báyìí.

"Ilé Terttu ni, ọmọ mi!" ni Sirkka dáhùn kíá. "Gbogbo Ọjọ́bọ̀. Sauna Terttu, kò sí irú ẹ̀ nílùú yìí. Kò tíì mú ọ wọ̀ ọ́ ni?"

"Kò tíì mú mi wọ̀ ọ́," ni Oona wí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sí apá kejì ṣọ́ọ̀bù, ó sì ra sọ́sééjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí Sirkka wá mu kọfí, Oona gbé sọ́sééjì náà kalẹ̀ láàárín tábìlì.

"Ẹ̀yin ìyá mi, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹ mú mi dání lọ sí sauna. Sauna Màmá Terttu, tí Màmá Sirkka ní kò sí irú ẹ̀ nílùú."

Terttu wo Sirkka. Sirkka wo sọ́sééjì. A kì í sọ pé rárá fún ẹni tó bá ní kí a mú òun wọ sauna. Èèyàn lè lé àlejò kúrò nílé, kó má bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé, ṣùgbọ́n kì í fi ooru dù ú.

"Tìdùnnú-tìdùnnú," ni Terttu wí, ó sì ta Sirkka nípàá lábẹ́ tábìlì.

Bí ọmọ náà ṣe gun òkè lọ tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló ní kó o sọ pé ilé mi ni?"

"Kí ni kí n sọ? Kí n ní ilé bíṣọ́ọ̀bù ni?"

"Mo ti sọ fún un pé ilé ẹ ni!"

"Èmi tí mò ń gbé ní yàrá kan lókè ilé ìfìwéránṣẹ́? Níbo ni sauna mi wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ìwọ tó o mọ irọ́ pa, o ò lè fi fóònù pè mí?"

Kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, àwọn arúgbó méjèèjì kó pòtétò, wọ́n kó àwọ̀n, wọ́n wọ́ kẹ̀kẹ́ jáde, wọ́n fọ pákó sauna ẹ̀yìnkùlé títí ó fi funfun. Terttu tilẹ̀ fi ìdì ewé igi tí a fi ń na ara ní sauna kọ́ sí ara ògiri, kó lè dà bíi pé wọ́n ń lò ó. Ohun tí wọn ò rántí wò ni inú ọ̀pá èéfín. Láti ìgbà tí Tauno ti kúrò nídìí ààrò yẹn, ìran kannakánná kan lé òmíràn ti kọ́lé síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ aṣọ, wọ́n jókòó lórí pákó bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Terttu ti igi bọ iná. Iná wo ọ̀pá èéfín, ó rí i pé ọ̀nà ò sí, ó sì yíjú padà sínú yàrá. Èéfín dúdú bò wọ́n mọ́lẹ̀. Sirkka kígbe orúkọ Jésù. Wọ́n fi orí ti ilẹ̀kùn, wọ́n tú jáde sínú yìnyín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níhòòhò ọmọlúàbí, tí wọ́n ń wúkọ́, tí imú wọn dúdú. Àsìkò yẹn gan-an ni àlùfáà wa ń fi pákó yìnyín tó so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ kọjá lẹ́yìn ọgbà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá," ni àlùfáà wí, ó ṣí fìlà. "Sauna yín gbóná bí?"

"Ó gbóná, àlùfáà, a dúpẹ́," ni Terttu wí, ó sì tẹrí ba díẹ̀. Àlùfáà ń yọ̀ lọ.

Oona nu imú rẹ̀. Ó wo ọ̀pá èéfín tí kannakánná ń yí ká lókè tí wọ́n ń bú wọn. Ó wo kẹ̀kẹ́ tó dípẹtà nínú yìnyín. Ó wo ojú ìyá méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ló wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, "òtútù ń pa mí lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí èyí tí ẹ máa ń lọ gan-an."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Wọ́n wọ aṣọ. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, wọ́n yí òkìtì irin po, Terttu ṣí ilẹ̀kùn. Kò wo ojú ọmọ náà. Ó fa ẹ̀wọ̀n, ìdérí irin ké kííín, ooru gòkè wá lábẹ́ òkúta, ooru líle tó dára, èyí tí í mú eegun arúgbó rọ̀.

Oona jókòó ní pákó òkè. Ó tẹ́tí sí ẹ̀wọ̀n. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìdérí irin náà, ó sì fa ọwọ́ padà. Kò pariwo. A kì í jà ní sauna, a kì í bú èèyàn níbẹ̀, ohun tí a bá sì gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ là ń fi í sí. Ọmọ ilé ire ni.

"Màmá," ló wí nígbà tó yá, "ọbẹ̀ ẹ̀wà rè é, àbí?"

Sirkka bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí pákó. Terttu ò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ṣe é?" ni Oona béèrè.

"Ọkọ mi. Ó ti kú."

"Ó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an." Oona nàka sí ẹ̀gbẹ́ ìdérí irin náà. "Ooru tẹ́ ẹ̀ ń bù ò tó nǹkan, Màmá. Ibi irin tó ti jẹrà yìí ni wàhálà. Bí ẹ bá ti ṣí i, afẹ́fẹ́ òtútù ń gba ibẹ̀ wọnú èéfín mi, òun ló ń pa ẹ̀rọ. Kò ṣeé lẹ̀ nígbà tí iná bá ń jó. Àfi kí wọ́n dí ihò náà pátápátá."

"Ìgbà wo làwọn ará Helsinki ń bọ̀ wá wò ó?" ni Sirkka bi í.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

"Kí ló ṣe wọ́n tí wọn ò mú Ọjọ́ Ẹtì?"

"Màmá Sirkka, wọ́n gbọ́ pé Ọjọ́bọ̀ ló ń já lulẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ rí." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú aṣọ ìnura rẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan níbí o. Sauna ni mo wá wọ̀. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n yín. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá mi, ó dùn."

Bó ṣe jáde nìyẹn. Sirkka náà jáde. Terttu nìkan ló kù, ó bu omi, ó dà á. "Tìẹ rè é, Tauno." Oona ń wọ bàtà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, Terttu ò lè purọ́ kan tó já gaara. Ó bínú sí ọmọ náà. Ká ní ó bú òun ni, ká ní ó pe ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn; òun ì bá mọ bí òun ṣe máa sunkún, bí òun ṣe máa pè é ní ọmọ aláìlójú-àánú. Ṣùgbọ́n ó kó ọ̀rọ̀ lé òun lọ́wọ́, ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ, ó ń kí òun káàárọ̀.

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni," ni Sirkka ń wí. "Ká má lọ lọ́sẹ̀ yìí. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n máa lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a padà."

"Tó bá tún wá já lulẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Wọn ò lójú ní Helsinki?"

"O ti dàgbà jù láti máa ronú báyẹn, Terttu."

"Bí wọ́n bá pa ìléru, kí ló máa mú òkúta gbóná?"

Sirkka ní kọfí ti tutù.

Kì í ṣe ooru ló ń dun Terttu. Ooru wà níbi gbogbo. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò ni wọ́n á gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Ó ti bá Tauno sọ̀rọ̀ létí sàréè, sàréè ò dáhùn. Ó ti bá àwòrán rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ògiri, ó kàn ń wo òun ni, bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀. Òkúta wọ̀nyẹn nìkan ni ohun kan tó jẹ́ ti Tauno tó ṣì ń dáhùn bí òun bá pè. Ìyẹn ni wọ́n ní kó dí.

Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn ará Helsinki dé, ó dìde láàárọ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ yìnyín rẹ̀ tí ń yọ̀ lórí irin méjì lọ sílé iṣẹ́. Ó ṣa òkúta náà kúrò lórí irin, ó ń fi ìbọ̀wọ́ mú wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú àpò. Lẹ́yìn náà ló lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ ìléru.

"Ẹ bá mi fi bíríkì dí ihò Tauno," ló wí.

Wọn ò béèrè ìdí. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ fìlà, wọ́n sì po amọ̀.

Àpò náà wúwo lórí kẹ̀kẹ́ yìnyín, ó ń ti í bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀. Èmi fúnra mi pàdé rẹ̀ níwájú báńkì, mo bi í pé kí ló rù bẹ́ẹ̀.

"Pòtétò ni," ló wí. Ojú rẹ̀ pọ́n, mo rò pé òtútù ni.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará Helsinki dé pẹ̀lú bàtà tó ń dán. Wọ́n jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà nílé oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n lọ dúró ti ẹ̀rọ Oona látọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀rọ náà ń yí, kò mi. Kí wọ́n tó wọ mọ́tò wọn, wọ́n ti bọ Oona lọ́wọ́, wọ́n ní ìléru á máa jó. Gbogbo ìlú mu bíà. Terttu sùn kíákíá.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, Terttu ò lọ síbi kankan ní Ọjọ́bọ̀. Sirkka ní ó ti ń rùn. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ ìfẹ́ ni. Nígbà tó yá, Oona wọlé láàárín ọjọ́, ó ní kí àwọn méjèèjì wọ kóòtù tẹ̀ lé òun. Ó mú wọn gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n yí òkìtì irin po, ó ṣí ilẹ̀kùn. Níbi tí ihò ti wà tẹ́lẹ̀, ààrò irin tuntun kan ló dúró, wáyà nípọn kan sì ti ìdí rẹ̀ gba inú ògiri lọ.

"Iná mànàmáná," ni Terttu wí, bí ẹni tó rí eku nínú ọbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń sọ nípa sauna oníná mànàmáná: pé ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fẹnu ko ọkọ rẹ̀ lẹ́nu láti ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé.

"Iná ìléru náà ni, Màmá," ni Oona wí. "Láti inú ẹ̀rọ mi ló ti ń bọ̀ tààrà. Ó kàn gba ẹ̀yìn yípo ni."

"Ẹ mú ooru, ẹ sọ ọ́ di iná mànàmáná."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá mú iná mànàmáná, ẹ tún sọ ọ́ di ooru."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán ẹ lọ yunifásítì?"

"Torí ẹ̀ ni." Oona ń rẹ́rìn-ín. "Kò tíì ní òkúta o. Mo gbọ́ pé pòtétò pọ̀ nílé yín."

Terttu fọwọ́ kan ààrò tuntun náà. "Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

"Kò sẹ́ni tó fún mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Terttu wí, ó sì yíjú sí Sirkka. "Lọ gbé kẹ̀kẹ́ yìnyín wá."

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ará Helsinki pe Oona lórí fóònù níbi tó ti jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní òun rí i lórí kọ̀ǹpútà òun pé gbogbo iná tí ẹ̀rọ ń mú jáde kọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ ìléru. Díẹ̀ ń yà síbì kan. Kí ló fà á?

"Ọbẹ̀ ẹ̀wà ni, sà," ni Oona wí.

Ọ̀gá náà wo aago: ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Ọmọ Finland lòun náà. "Ṣé ó gbóná dáadáa?" ló béèrè.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án ni, sà."

"Ó dáa. Ẹ bá mi kí wọn." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nínú yàrá lẹ́yìn òkìtì irin, Sirkka ti da omi, ó ti fi ewé na ara rẹ̀ lẹ́yìn, ó ti sọ pé ooru náà kò burú fún ooru tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó jáde. Terttu kù lóun nìkan. Ó bu omi, ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó ti gbé òkúta wọ̀nyẹn kúrò lórí iná Tauno, ó ti fi wọ́n sínú àpò bíi pòtétò, ó ti kó wọn lé orí iná àjèjì. Bí wọ́n bá dákẹ́ ńkọ́?

"Tìẹ rè é, Tauno," ló wí. "Iná mànàmáná ni o. Má bínú."

Ó da omi náà. Òkúta dáhùn ṣùúùù, ohùn kan náà, ooru gòkè, ó dì mọ́ ọn. Terttu jókòó padà lórí pákó, ó ń sunkún, ó sì ń sọ fún Sirkka tó ń kan ilẹ̀kùn pé òógùn lásán ni.